Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Fún Àbúrò Mi Níbi Iṣẹ́

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń yan ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ lọ lókè òkun. Àbúrò mi níbi iṣẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta péré yan tirẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà sì ni òun náà mú. Bí mo bá ní inú mi dùn nígbà tó sọ fún mi, irọ́ ni mo pa. Ṣe ni inú bí mi bíi ti ẹni tó ti ń tò láti àárọ̀, tí ẹnìkan wá gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Kì í ṣe ọmọ ìyá mi. A jọ ń ṣiṣẹ́ ni, ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe lójú ọ̀nà Ìlaròó sí Ìbèṣè. Àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì ni iṣẹ́ wa. Òmíràn ń lọ sí Èkó, òmíràn ń gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí apá Kùtọnu, gbogbo wọn ló sì ń padà wá bá wa pẹ̀lú eruku funfun lára àti àìsàn oríṣiríṣi lábẹ́. Obìnrin méjì péré ló wà láàárín àwọn mẹkáníìkì àti ẹnjiníà ibẹ̀: èmi, tí mo ti lo ọdún mọ́kànlá, àti òun, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, àbúrò ni mo ń pè é. Àwọn dẹ́rẹ́bà mìíràn tilẹ̀ gbà pé ìyá kan náà ló bí wa, nítorí pé àwa méjèèjì dúdú, a sì ga.

Ó ti ń sú mi láti máa wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí ní gbogbo àárọ̀, síbẹ̀ n kò fẹ́ fi irin sílẹ̀ pátápátá kí n lọ máa jókòó ti ìwé okòwò. Ìgbà náà ni mo kà nípa ẹ̀kọ́ kan, ìṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà: kí ẹni tó mọ irin tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí àwọn tó ń fi irin ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣètò àkókò, ohun èlò àti ewu. Mo ní èyí gan-an ni tèmi. Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sí i. Jámánì wà níbẹ̀, Ìlú Ọba wà níbẹ̀, Kánádà náà wà níbẹ̀. Mo ń kọ, mo ń pa á rẹ́. H.N.D. ni mo ní, láti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń ní kí n kọ́kọ́ lọ gba ìwé-ẹ̀rí mìíràn kún un. Èyí fẹ́ ìdánwò èdè, tọ̀hún fẹ́ owó tí gbogbo ìdílé wa kò rí rí. Ọkọ mi, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ayétòrò, á wo ìwé náà, á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o ò tíì yàn síbẹ̀?" Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí.

Nígbẹ̀yìn, mo rí ọ̀kan. Ọdún kan ni ẹ̀kọ́ náà. Wọn kò ka H.N.D. sí àbùkù, bí ènìyàn bá ti lè fi hàn pé òun ti darí iṣẹ́ gidi kan níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ní sikọ́láṣíìpù fún àwọn obìnrin díẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tó máa gbé gbogbo ìnáwó. Mo fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ pé mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí n kò bá rí i mú.

Ẹnu ara mi ló kó bá mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti àbúrò mi jókòó sórí táyà ògbólógbòó, a ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ó ní òun fẹ́ kàwé sí i, òun kò kàn tíì mọ ohun tí òun máa kà. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé orí mi pé. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà fún un bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo dárúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́, mo sọ èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa, mo sì dárúkọ ọ̀kan yẹn mọ́ wọn láì mọ̀gbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń mi orí, ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Mo ti rí èyí tó bá mi mu."

Ó ti fa ìlà sójú fóònù, ó to gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí mo dárúkọ sínú rẹ̀, àti mélòó kan tí n kò gbọ́ rí. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ, tí mo ń pa rẹ́, ó wà lójú ibẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ó mọ́ tónítóní.

"Àwọn tó kù, ìṣirò owó ni wọ́n ń kọ́ èèyàn jù," ó ní. "Àwọn yìí, láti oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n á ti ní kéèyàn lọ sí ilé-iṣẹ́ kan, kó lọ wá ohun tó ń fa ìdádúró níbẹ̀. Ohun tí à ń ṣe níbí náà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo kọ̀wé sí obìnrin kan tó ń kàwé níbẹ̀ lọ́wọ́. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì."

Ọdún mẹ́rin, kò sọ sí mi lọ́kàn rí láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "O káre." Mo wò ó bó ṣe dúró níwájú mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ní digírì yunifásítì, tí kò ní ọkọ tó ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní ọmọ tó máa sunkún bó bá ń lọ. Mo jowú rẹ̀ gidigidi.

Ó yẹ kí ẹ mọ àṣà kan tó wà ní ọgbà wa, kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ abẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́, orúkọ ọ̀gá ló ń wà lórí ìwé. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní olè jíjà. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, èmi ni mo wádìí ohun tó fà á tí bíréèkì àwọn ọkọ̀ kan fi ń jóná. Odidi oṣù méjì ni mo fi wà lábẹ́ wọn. Orúkọ ọ̀gá mi ló wà lórí ìwé ìjábọ̀ iṣẹ́ náà, òun ni wọ́n pè sí Èkó láti bọ̀ lọ́wọ́, èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ lọ sínú mọ́tò. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó lọ ire, kó bọ̀ ire. Mo sọ nínú ara mi pé ìgbà tèmi ń bọ̀.

Ìgbà tèmi dé lóòótọ́, ọwọ́ àbúrò mi yìí ló sì gbà dé. Ní àkókò yẹn, ọkọ̀ máa ń tò láti inú ọgbà wa títí dé ojú títì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù tí dẹ́rẹ́bà fi ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò lè kà á. Àwọn tó ń ti ẹnubodè bọ̀ ń sọ Ègùn, àwọn mìíràn ń sọ Faransé, wọ́n á kàn máa fa ìlà síbi tó bá wù wọ́n. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú á wà lẹ́yìn, èyí tó fẹ́ gílóòbù lásán á wà níwájú. Ni ọmọbìnrin yìí bá kó kọ́tìnì àtijọ́ wá láti ilé, ó gé e sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Pupa fún bíréèkì, funfun fún táyà, búlúù fún ẹ́ńjìnì. Kí dẹ́rẹ́bà tó dé ẹnu géètì, á ti so àwọ̀ tó bá ti ọkọ̀ rẹ̀ mu mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, àwa á sì ti mọ ẹni tí a máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Kò sí ìwé, kò sí gírámà. Kò tó oṣù kan tí ojú títì fi dá.

Èmi ni mo kọ ìwé ìjábọ̀ rẹ̀, mo sì fi orúkọ mi sí i. Mánéjà bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Àbúrò mi ló pàtẹ́wọ́ jù. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, n kò sọ pé òun ni, kò sì hàn lójú rẹ̀ pé ó retí kí n sọ ọ́. Nígbà tó wá di pé ilé-ẹ̀kọ́ ní kí n kọ àròkọ lórí iṣẹ́ tí mo ti darí, ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ni mo kọ. Mo kọ bí mo ṣe rí ìṣòro náà, bí mo ṣe ronú kan àwọ̀, bí mo ṣe kọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà. Mo kọ ọ́ dáadáa débi pé èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Mo ti fi ránṣẹ́ kí àbúrò mi tó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi.

Ẹ wá wo ibi tí mo wà nígbà tó kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi pé òun fẹ́ kí n kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún òun.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ iṣẹ́ mi, Ẹ̀gbọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ̀wé sí yín. Mo sì ti fi àròkọ mi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ bá mi kà á, kí ẹ tún un ṣe kí n tó fi sílẹ̀."

Mo ní kò burú. N kò ṣí i. Bí mo bá rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù mi, ṣe ni mo máa ń yára fò ó kọjá. Mo bẹ̀rù pé ó máa dára ju tèmi lọ, ẹ̀rù tó sì tún ju ìyẹn lọ ni pé ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ aṣọ lòun náà kọ. Kí ló tún fẹ́ kọ? Àròkọ méjì á dé orí tábìlì kan náà láti ọgbà kan náà lójú ọ̀nà Ìbèṣè, obìnrin méjì á máa sọ pé òun lòun ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín, mo gbé e sọ́hùn-ún, ibi tí mo máa ń já sí ni pé orúkọ tèmi ló wà lórí ìwé, òun ni kó lọ wá nǹkan mìíràn. Ó ti béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ti kà á. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, fi ránṣẹ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ wá kí mi. Àgbẹ̀ ni, ní Ajílété. Ọ̀kadà ló gùn wá, pẹ̀lú àpò àgbàdo tútù kan, ó ní òun kàn ní kí òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ òun.

"Ọmọ mi ní ẹ̀yin lẹ ní kó lọ kàwé sí i."

"Ẹ máa jẹ́ kó lọ, Bàbá?"

"Kí ni mo fẹ́ dá a dúró fún? Tí wọ́n bá ti lè san owó rẹ̀ fún un, kó máa lọ. N ò ní i lọ́wọ́, àmọ́ n ò ní di ọ̀nà mọ́ ọn."

Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń rántí bàbá tèmi, tó sọ pé H.N.D. ti tó obìnrin, pé èyí tó bá kù, kí n fi tọ́ ọmọ. Bàbá yìí rọra gbé àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó tún dúpẹ́, ó lọ. Kàkà kí ojú tì mí, owú ló tún kún owú. Nítorí bàbá rẹ̀ náà ni mo wá ń jowú rẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo kọ lẹ́tà náà, láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ni wọ́n tò síbẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ó ń tètè dé ibi iṣẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n béèrè bóyá ó lè bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, mo yìn ín. Wọ́n wá béèrè pé, ṣé ó ti darí iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀ rí? Kí ẹ ṣàlàyé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń bá dẹ́rẹ́bà kan fi Faransé díẹ̀díẹ̀ tó mọ̀ ṣe àwàdà. Mo kọ ọ́ pé: ọmọ tó gbọ́n ni, ó sì ń gbọ́ràn. Lórí ètò aṣọ tí mo gbé kalẹ̀, ó ràn mí lọ́wọ́ gidigidi. Kò tíì darí iṣẹ́ kankan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé lọ́jọ́ iwájú yóò lè ṣe é. Mo tún un kà. Kò sí ọ̀rọ̀ búburú kan níbẹ̀. Bí ènìyàn bá kà á sókè níwájú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á dúpẹ́. Mo fi ránṣẹ́.

Tèmi ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n gbà mí, wọ́n sì fún mi ní sikọ́láṣíìpù náà. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ ni mo ti kà á, mo jó níbẹ̀ láìsí ìlù, mo fọ ojú mi kí n tó jáde. Nígbà tí mo sọ fún mánéjà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kíá ni gbogbo ọgbà gbọ́ ibi tí mo ń lọ. Àbúrò mi sáré wá bá mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ó dì mọ́ mi tòun ti girísì tó kún ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ibẹ̀ kan náà? Ẹ ò wá sọ fún mi! Ǹ bá ti máa gbàdúrà fún yín!"

Tirẹ̀ dé ní ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà. Wọn kò gbà á. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé ìwé rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn kò rí iṣẹ́ kankan tó darí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n nígbà tó dé ọ́fíìsì mi, ó sì ti nu ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibi tí mo ti ṣì í. Ẹ̀yin tí wọ́n gbà, ẹ máa mọ̀ ọ́n."

Ó ṣí àròkọ náà lójú fóònù rẹ̀, ó nà án sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á nìyẹn. Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kọ lóòótọ́. Ó kọ ọ́ pé ní ọgbà àwọn, ẹ̀gbọ́n òun kan wà níbi iṣẹ́, ẹnjiníà obìnrin tó ní làákàyè, pé òun ló gbé ètò kan kalẹ̀ tó mú kí ọkọ̀ má máa tò sí títì mọ́. Ó ní òun gé aṣọ, òun sì ń bá àwọn dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Ó ní lára ẹ̀gbọ́n òun lòun ti mọ ohun tí ìṣàkóso ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ lọ kọ́ ọ. Ojú ìwé méjì gbáko, èmi ló ń yìn.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kọ ọ́ báyìí? Ṣé èmi ni mo ronú kan aṣọ ni?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Orúkọ yín ló wà lórí ìwé, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n wá máa já a gbà mọ́ yín lọ́wọ́ níwájú òyìnbó ni?"

Ká ní mo kà á nígbà tó bẹ̀ mí, ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé tí mo fi máa sọ fún un pé àwọn wọ̀nyí kò mọ irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ènìyàn bá sọ pé òun ṣe ni wọ́n máa gbà pé ó ṣe. Ká ní mo kọ òtítọ́ sínú lẹ́tà mi, wọn ì bá mọ̀ pé ọmọ náà kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Òun rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, èmi náà tún tì í wálẹ̀, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì sì bára mu.

"Wọ́n ní mo lè tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní. "Mo ti rò ó. Màá kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Màá ní èmi ni mo ronú kàn án, pé ẹ̀yin lẹ fún mi láyè. Wọ́n á tún béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ máa bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, àbí, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo fojú inú rí àwọn tó máa kà á. Àwọn kan náà tó ka tèmi ni. Mo rí ara mi ní kíláàsì wọn, tí wọ́n á pè mí jáde pé kí n wá ṣàlàyé. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ ti wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" péré ni.

"Ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀," mo ní. "Ìwọ ní digírì yunifásítì, kò sí ibi tí wọn ò ní gbà ẹ́. Yan ibòmíràn."

Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tó máa san owó náà fún un. Òun ló fa ìlà, tó to gbogbo wọn sójú fóònù tòun ti owó wọn. Ó wò mí, kò sì pẹ́ tó fi ń wò mí. Ṣe ni ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ rọra kúrò, mo sì mọ̀ pé ó ti yé e: lẹ́tà mi, àròkọ mi, gbogbo rẹ̀ pátá, láìjẹ́ pé ó ka ìkankan nínú wọn. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó jáde, ó lọ bá ọkọ̀ tó tú sílẹ̀ láàárọ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sórí àga mi, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó yọ síta. Ìwé ìgbàwọlé wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ọjọ́ tí mo máa lọ gba físà ti sún mọ́. Síbẹ̀, èmi ni mo tún ń jowú, nítorí pé òun lè ka àròkọ tirẹ̀ sókè níbikíbi tí èmi bá wà, èmi kò lè ka tèmi níbikíbi tí òun bá wà.